Kaféènì: Ta ni yóò san gbèsè oorun?

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé òun fẹ́ fòfin de títa energy drink fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ní England. Kì í ṣe súpámákẹ́ẹ̀tì nìkan lọ̀rọ̀ náà kàn o. Ilé oúnjẹ, ẹ̀rọ tó ń ta ọjà fúnra rẹ̀ àti àwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà wà nínú ẹ̀. Ohun mímu tí wọ́n ń bá wí ni èyí tí kaféènì inú lítà rẹ̀ kan bá ju mìlígíráàmù 150 lọ. Tíì àti kọfí kò sí níbẹ̀. Ìjọba náà ní nǹkan bí ọmọ 100,000 ló ń mu ó kéré tán ẹyọ kan lójúmọ́, àti pé òfin ọ̀hún lè gba ọmọ tó tó 40,000 lọ́wọ́ ìsanrajù.

Ẹni tó bá gbọ́ ìròyìn yìí ní Ìbàdàn, Òṣogbo tàbí Abẹ́òkúta lè sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìyẹn. Kó tó sọ bẹ́ẹ̀, kó kọ́kọ́ yà sí ìsọ̀ tó wà nítòsí iléèwé girama tàbí gáréèjì tó bá sún mọ́ ọn. Inú kúlà kan náà tí píọ̀ wọ́tà àti mínírà wà ni energy drink wà. Ọmọ tó wọ yunifọ́ọ̀mù lè fi owó oúnjẹ ọ̀sán ra á. Ní ọ̀pọ̀ ìsọ̀, kò sẹ́ni tó máa bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni. Owó ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ojú.

Ọ̀rọ̀ náà sì ju ti ọmọdé lọ. Awakọ̀ tó ń fi òru rin ìrìn àjò, ọlọ́kadà tó ti jí láti aago mẹ́rin ìdájí, akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ kàwé mọ́jú, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ òru, gbogbo wọn ló ń wá ohun tó máa lé oorun lójú. Kaféènì ni wọ́n ń rí. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé: ṣé oorun tí wọ́n lé lọ yẹn kò ní padà wá gba gbèsè?

Obì ló kọ́kọ́ wà

Kaféènì kì í ṣe àlejò nílẹ̀ Yorùbá. Kí kọfí inú agolo tó dé, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ energy drink, obì ti wà ńlẹ̀. Ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru ń jẹ ẹ́, àgbẹ̀ tó ń lọ oko ọ̀nà jíjìn ń jẹ ẹ́, àwọn àgbààgbà tó ń parí ìjà ń pín in jẹ. Kaféènì tó wà nínú obì àbàtà àti gbànja ló ń la ojú wọn. Ṣàgámù ni gbajúgbajà nínú òwò obì títí dòní, láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń kó gbànja lọ sí òkè Ọya, níbi tí àwọn Hausa ti ń pè é ní goro. Ti orógbó yàtọ̀ o. Igi mìíràn ni, kò bá obì tan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àtẹ kan náà ni wọ́n jọ máa ń wà.

Ọdún 1819 ni onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì kan, Friedlieb Ferdinand Runge, yọ kaféènì sọ́tọ̀ kúrò lára èso kọfí. Nígbà tó di ọdún 1886, apòògùn kan ní ìlú Atlanta l'Amẹ́ríkà, John Pemberton, po ohun mímu kan tí wọ́n fi ewé coca àti èso kola sọ lórúkọ. Coca-Cola nìyẹn. Kola tí wọ́n ń wí náà ni obì, èso igi Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

Nítorí náà, ohun tí obì ń ṣe lára náà ni agolo ń ṣe. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ìwọ̀n, ìyára àti ẹni tó ń mu ún. Obì korò. Awẹ́ awẹ́ ni wọ́n ń jẹ ẹ́, wọ́n sì máa ń pín in ni. Ọmọdé tó bá fi eyín kàn án á tutọ́ rẹ̀ dà nù. Energy drink dùn, ó tutù, ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó láti dà á mu tán. Ìkorò tó ń sọ fún ẹnu obì pé ó tó gẹ́ẹ́, ṣúgà ti bò ó mọ́lẹ̀ nínú agolo.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lára

Nínú ọpọlọ èèyàn, èròjà kan wà tó ń jẹ́ adenosine. Bí èèyàn bá ṣe ń pẹ́ lójúfò tó, bẹ́ẹ̀ ni adenosine ń pọ̀ sí i, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti sọ fún ọpọlọ pé ó ti rẹ ara, oorun ló kàn.

Ẹ fi wé ọkọ̀ dáńfó. Adenosine ni èrò tó ń dúró de ìjókòó. Kaféènì á sáré wọlé, á lọ jókòó síbi tí kì í ṣe tiẹ̀. Adenosine ò ráyè jókòó mọ́, ọpọlọ ò sì gbọ́ pé ó ti rẹ ara. Àmọ́ èrò ò kúrò ní bọ́sítọ́ọ̀pù o, ṣe ni wọ́n ń pọ̀ sí i. Nígbà tí kaféènì bá sọ̀ kalẹ̀, gbogbo wọn á ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó fi kaféènì lé oorun látàárọ̀ fi máa ń rí i pé oorun ọ̀hún kọlu òun lójijì, tó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kaféènì ò fi agbára kún agbára. Ẹnu àárẹ̀ ló ń dí. Agbára tó wà nínú agolo, ti ṣúgà ni, ìyẹn náà kì í sì í pẹ́ tán.

Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni bó ṣe ń pẹ́ lára tó. Nínú ara àgbàlagbà tó lera, ó máa ń gbà tó wákàtí márùn-ún kí ìdajì kaféènì tó mu tó kúrò. Ẹni tó mu mìlígíráàmù 160 ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nígbà tó bá fi máa di aago mọ́kànlá alẹ́, nǹkan bí 80 ṣì wà lára rẹ̀. Ẹni náà á máa yí kiri lórí bẹ́ẹ̀dì, á ní ẹ̀fọn àti ooru ni kò jẹ́ kí òun sùn. Lọ́dún 2013, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún àwọn èèyàn ní mìlígíráàmù 400 ní wákàtí mẹ́fà kí wọ́n tó lọ sùn, wọ́n sì rí i pé oorun wọn dín ní ohun tó ju wákàtí kan lọ.

Ara kò rí bákan náà ṣá. Kaféènì máa ń pẹ́ lára obìnrin tó ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró ju bó ṣe yẹ lọ. Oògùn ciprofloxacin, tí ọ̀pọ̀ ń rà ní kẹ́mísítì láìrí dókítà, náà máa ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti palẹ̀ kaféènì mọ́. Ẹni tó ń lò ó, tó tún ń mu energy drink, lè máa rò pé àìsàn ló ń mú àyà òun lù kìkì.

Ìṣirò náà rèé

Àjọ tó ń mójú tó ààbò oúnjẹ nílẹ̀ Yúróòpù, EFSA, sọ lọ́dún 2015 pé àgbàlagbà tó lera lè mu tó mìlígíráàmù 400 lójúmọ́ láìsí ewu, kó má sì ju 200 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. FDA ti Amẹ́ríkà náà fara mọ́ 400 yẹn. Fún aboyún, EFSA ní kó má ju 200 lọ lójúmọ́.

Kí ló ń jẹ́ 400? Kọ́ọ̀pù kọfí tí wọ́n sè máa ń ní tó 95. Kọfí alẹ́bú tí wọ́n ń da omi gbígbóná sí ní nǹkan bí 60. Kọ́ọ̀pù tíì kan wà láàárín 40 sí 50. Agolo Coke ò ju 30 àti díẹ̀ lọ. Agolo Red Bull kékeré, mìlílítà 250, ní 80. Bí ohun mímu mìíràn bá le tó bẹ́ẹ̀, tó sì wà nínú ike mìlílítà 500, á jẹ́ 160. Ẹni tó bá mu méjì nínú irú ike bẹ́ẹ̀ ti mu 320, ó ku 80 péré kó kan òkè.

Èyí tó fara pamọ́ wà nínú oògùn. Hóró Panadol Extra kan ní mìlígíráàmù 65 kaféènì, hóró méjì tí wọ́n sábà máa ń lò lẹ́ẹ̀kan náà sì jẹ́ 130. Àlàbùkún, oògùn alẹ́bú tí Jacob Ṣógboyèga Odùlátẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Abẹ́òkúta ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ní 60 nínú pẹ̀lú aspirin. Kò sóhun tó burú nínú pé kaféènì wà níbẹ̀, nítorí ó máa ń jẹ́ kí oògùn orí fífọ́ ṣiṣẹ́ dáadáa. Wàhálà ni pé ọ̀pọ̀ tó ń lò ó ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Aspirin pàápàá kò dára fún ọmọdé àti ẹni tó ní ọgbẹ́ inú.

Ẹ wá pa á pọ̀. Awakọ̀ kan mu ike energy drink méjì láàárín àárọ̀ sí alẹ́, 320 nìyẹn. Orí ń fọ́ ọ, ó lo Panadol Extra méjì, ó di 450. Ó tún ń jẹ gbànja lọ́nà, ti gbànja ò sì lóǹkà, torí kò sẹ́ni tó kọ ìwọ̀n sí i lára. Awakọ̀ yìí ti kọjá ààlà tipẹ́, bẹ́ẹ̀ á búra pé òun ò mu ohunkóhun tó le.

Awakọ̀ òru

Lára gbogbo àwọn tó ń lo kaféènì, awakọ̀ ni ìṣòro rẹ̀ lè kan ẹlòmíì jù lọ. Ẹni tí kò sùn fún wákàtí 20, tó wá mu energy drink, á máa rí ara rẹ̀ bí ẹni pé ó jí pérépéré. Àmọ́ ọpọlọ tí oorun ti wọ̀ lè sùn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láìjẹ́ kí ẹni náà mọ̀, pẹ̀lú ojú lílà. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 100 láàárín wákàtí kan á rin tó mítà 83 láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ní òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí tírélà ti ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láìtan iná, mítà 83 láìsí ẹni tó di ọkọ̀ mú ti tó láti sọ ọkọ̀ akérò di ìròyìn.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ààbò ojú pópó máa ń gbà awakọ̀ tí oorun ń kùn níyànjú ò le. Kó wá ibi tó láàbò dúró sí. Kó mu kọfí tàbí ohun mímu oníkaféènì kan, kó sì sùn fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kaféènì máa ń tó nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí náà á bá a lójú oorun, yóò sì jí pẹ̀lú àǹfààní méjèèjì. Èyí náà ò dípò oorun alẹ́. Ó kàn ń gbé èèyàn dé ibi tó ti lè sùn ni.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé awakọ̀ tó dúró sùn ń pàdánù tọ́ọ̀nù tó kàn. Ọlọ́kọ̀ ń retí owó tó gbọ́dọ̀ jíhìn rẹ̀ lójoojúmọ́, epo ti gbówó lórí, àwọn èrò inú ọkọ̀ pàápàá ń pariwo pé kó sáré. Ẹ̀bi energy drink nìkan kọ́ nìyẹn.

Ọtí ló tún burú jù. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń po energy drink mọ́ ọtí líle nílé àríyá gbà pé kò ní jẹ́ kí ọtí pa wọ́n. Kaféènì kì í dín ọtí inú ẹ̀jẹ̀ kù rárá. Ohun tó ń ṣe ni pé kò ní jẹ́ kí ọ̀mùtí mọ̀ pé òun ti yó. Á tún mu sí i, á tún gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2010, FDA kìlọ̀ fún iléeṣẹ́ mẹ́rin l'Amẹ́ríkà tó ń pa ọtí àti kaféènì pọ̀ sínú agolo kan náà pé kaféènì tí wọ́n ń fi sí ọtí kò láàbò. Ní Nàìjíríà, ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ ara rẹ̀ po ó lórí tábìlì.

Ọmọ iléèwé àti ìwọ̀n ara rẹ̀

Yorùbá ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. EFSA ní ìwọ̀n tí kò léwu fún ọmọdé àti ọ̀dọ́langba kò gbọdọ̀ ju mìlígíráàmù mẹ́ta fún kìlógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ọmọ tó wọn kìlógíráàmù 30, ìyẹn bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, 90 ni tiẹ̀. Ike mìlílítà 500 tó ní 160 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tó yẹ kó mu. Ọmọ náà ò sì tíì fẹnu kan tíì ilé.

Ṣúgà tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ energy drink ní gíráàmù ṣúgà 11 nínú mìlílítà 100, tó túmọ̀ sí gíráàmù 55 nínú ike mìlílítà 500. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí ṣúgà tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má ju nǹkan bí gíráàmù 50 lọ. Ike kan péré ti lé ọmọdé kọjá ti bàbá rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé mọ́jú nítorí WAEC, JAMB tàbí ìdánwò fásitì náà ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ojú oorun ni ọpọlọ ti máa ń to ohun tí èèyàn kà sí àyè rẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa oorun ní ọ̀dọ́langba nílò wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá lálẹ́. Ẹni tó fi kaféènì ra wákàtí mẹ́ta sí i láti kàwé, tó wá wọ gbọ̀ngàn ìdánwò pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n àti àyà tó ń já, ọjà tó rà wọ́n. Ìwé wà lójú, kò sí lórí.

Lithuania ti fòfin de títa energy drink fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láti 2014, Latvia tẹ̀ lé e ní 2016, Poland náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2024. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá ti ń kọ̀ láti tà á fún ọmọ tí kò pé 16 láti 2018. Fúnra wọn ni wọ́n ṣe é, kò tíì sófin. Ìdílé Yorùbá tó wà ní Peckham tàbí Manchester ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí ọmọ wọn ò lè rà ní súpámákẹ́ẹ̀tì lọ́hùn-ún, ọwọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn nílé lè tẹ̀ ẹ́ nínú kúlà ìyá oníṣọ́ọ̀bù.

Aboyún àti ẹlẹ́jẹ̀ ríru

Obìnrin tó lóyún ní láti ṣọ́ra jù. Bí oyún bá ṣe ń dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni kaféènì ń pẹ́ lára ìyá. Wákàtí márùn-ún tí ìdajì rẹ̀ fi ń kúrò tẹ́lẹ̀ lè di nǹkan bí 15 nígbà tí oyún bá ti gbó. Kaféènì sì máa ń gba inú ibi kọjá sọ́dọ̀ ọmọ, ọmọ inú ò sì lágbára láti palẹ̀ ẹ̀ mọ́. Lọ́dún 2016, WHO gba aboyún tó ń mu ju 300 lọ lójúmọ́ níyànjú pé kó dín in kù, nítorí ewu pé oyún lè bà jẹ́ tàbí kí ọmọ kéré jù nígbà ìbí. Aboyún tó ń fi obì pa èébì lẹ́nu náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì níléewòsàn. Ọ̀pọ̀ kì í sọ ọ́ torí wọn ò kà á sí nǹkan kan.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru náà kò gbọdọ̀ fojú fo ọ̀rọ̀ yìí. Kaféènì máa ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè fún wákàtí díẹ̀, pàápàá lára ẹni tí kò fi í ṣe àṣà. Ẹni tó mu energy drink, tó jẹ obì, tó wá lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́yìn ààbọ̀ wákàtí, lè rí nọ́ńbà tó máa já a láyà. Kó máa sọ òótọ́ fún dókítà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, tí àyà ń dùn, tàbí tó dákú lẹ́yìn tó mu ún, iléewòsàn ni kó lọ, kì í ṣe ilé oorun.

Kaféènì kì í ṣe májèlé

Kò yẹ kí wọ́n pa irọ́ mọ́ kaféènì. Níléewòsàn, dókítà máa ń fún ọmọ tí wọ́n bí láìpé oṣù ní oògùn kaféènì kó lè máa mí dáadáa, ó sì wà lára àwọn oògùn tí WHO kà sí kòṣeémánìí. Àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ fún WHO kéde ní 2016 pé kò sí ẹ̀rí tó tó pé kọfí ń fa jẹjẹrẹ. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ló ti rí i pé àrùn ìtọ̀ ṣúgà àti àrùn ẹ̀dọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín àwọn tó ń mu kọfí níwọ̀nba. Àgbàlagbà tó ń mu kọ́ọ̀pù kan tàbí méjì láàárọ̀, tó sì ń sùn dáadáa, kò ní ìdí láti máa bẹ̀rù.

Àwọn tó ń ṣe energy drink náà ní àwíjàre tiwọn. Wọ́n ní kaféènì inú agolo kékeré kò ju ti kọ́ọ̀pù kọfí lọ. Òótọ́ ni. Àmọ́ ọmọ ọdún 12 kì í dúró sẹ́nu ọ̀nà iléèwé mu kọ́ọ̀pù kọfí gbígbóná mẹ́ta. Àwòrán kìnnìún àti ìràwọ̀ bọ́ọ̀lù kì í sì í sí lára páálí tíì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sábà máa ń kọ sẹ́yìn agolo pé kò dára fún ọmọdé àti aboyún wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ kéré, Gẹ̀ẹ́sì sì ni. Ìyá tó ń tà á lè má lè kà á.

Kí ló ń lé èèyàn débẹ̀?

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kan tẹ́lẹ̀ ti ń wá ìkejì kún un. Òṣìṣẹ́ tó ń gbé Mowe tàbí Ìbàfò, tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ń jí kí àkùkọ tó kọ kó lè ṣáájú gó-sílóò. Nígbà tó bá délé lálẹ́, iná kò sí, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ké, ooru ò jẹ́ kó fojú kan oorun. Ní ilẹ̀ tó mọ́, ó nílò ohun tó máa gbé e dìde. Ike energy drink kan rọrùn láti rà ju oorun wákàtí mẹ́jọ lọ.

Ibi tó yẹ kí ìjọba ti dá sí i nìyí. Òfin Ìnáwó ọdún 2021 gbé owó orí náírà 10 lé lítà kan ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà. Ike mìlílítà 500 á san náírà márùn-ún. Kò sí ọmọdé tí náírà márùn-ún máa lé kúrò nídìí kúlà. Ṣúgà sì ni òfin yẹn ń wò, kò wo kaféènì.

Ohun mẹ́ta ló ṣeé ṣe láìná owó púpọ̀. Àkọ́kọ́, kí NAFDAC rí i pé iye kaféènì tó wà nínú gbogbo ike, kì í ṣe nínú mìlílítà 100 nìkan, wà níwájú rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá, kí ìkìlọ̀ sì wà ní Yorùbá, Hausa àti Ìgbò. Ìkejì, kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ pé wọn ò gbọdọ̀ tà á nínú iléèwé àti lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ìkẹta, kí àwọn ẹgbẹ́ onímọ́tò àti àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó fẹnu kò lórí àyè ìsinmi ní gáréèjì fún awakọ̀ tó fẹ́ rìn lóru. Ìkẹta yìí ló lè dá ẹ̀mí sí jù, òun náà ló le jù, torí owó ẹnìkan á dín.

Bí èèyàn ṣe lè dín in kù

Ẹni tó ti mọ́ lára kò gbọdọ̀ já a sílẹ̀ lójijì. Láàárín wákàtí 12 sí 24 tó bá fi í sílẹ̀, orí lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, á máa rẹ̀ ẹ́, inú á máa bí i. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó lọ. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí tó ń mu kọfí tàbí jẹ obì mọ orí fífọ́ ọjọ́ kìíní àti ìkejì Ramadan, wọ́n sì gbà pé ebi ni. Àìrí kaféènì wà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ti ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ààwẹ̀, yálà ti Ramadan tàbí ti ìjọ, á rí i pé ara á fúyẹ́.

Fún àwọn yòókù, ìmọ̀ràn náà kò pọ̀. Kí wọ́n máa ka ohun tí wọ́n ń mu, kí wọ́n sì ka oògùn mọ́ ọn. Kí kaféènì ìkẹyìn má kọjá aago méjì ọ̀sán fún ẹni tó fẹ́ sùn ní aago mẹ́wàá. Omi ni kí ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ mu. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù tó rí ọmọ pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé, "Ọmọ mi, kì í ṣe tìẹ nìyẹn," kó sì gbé mínírà tàbí píọ̀ wọ́tà fún un. Owó náà ò ní tó nǹkan tó yàtọ̀ fún un.

Awakọ̀ tí oorun ń kùn lójú ọ̀nà ní kí ó páàkì. Àwọn èrò inú ọkọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó páàkì. Ìgbà tí èrò 14 bá ń pariwo pé "Sáré o jàre, a ti pẹ́," tí wọ́n rí i tó ń ṣí agolo kẹta, àwọn náà ti bá a jẹ nínú gbèsè ọ̀hún, wọ́n sì lè bá a san án.